Ightham Mote: Ilé Kan Tí Kò Ní Ọjọ́ Orí Kan Ṣoṣo

Ẹni tó bá dé Ightham Mote fún ìgbà àkọ́kọ́, ilé àtijọ́ kan nítòsí ìlú Sevenoaks ní agbègbè Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun kan ló sábà máa ń fẹ́ mọ̀: ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ? Ìbéèrè yìí rọrùn lójú, àmọ́ òun gan-an ló ń da àlejò láàmú jù. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri á ní òrùlé gbọ̀ngàn ńlá wà láti nǹkan bí ọdún 1330. Kò pẹ́ wọ́n á tún ní àjà tí wọ́n kùn lọ́dà nínú ilé àdúrà jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 1520. Fèrèsé pálọ̀ ńkọ́? Ọ̀rúndún kejìdínlógún. Pákó tó bo ògiri gbọ̀ngàn kan náà tí a ti bẹ̀rẹ̀? Ọdún 1872. Ilé ajá tó wà nínú àgbàlá, ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ̀rọ̀ tán, orí á ti dàrú.

Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ ni pé a máa ń rò pé ilé ní ọjọ́ ìbí bí ènìyàn ṣe ní in. Irú ilé yìí kò ní. Ohun mìíràn tún wà tó ń fi kún un: nínú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tó bá dà bí ògbólógbòó jù lójú kì í sábà jẹ́ òun ló pẹ́ jù. Ojú ń tan ni níbẹ̀, ó sì ń tan ni gan-an.

Kí a kọ́kọ́ mọ irú ilé tí à ń sọ. Láyé ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ightham Mote, ẹni tó bá ni ilẹ̀ oko rẹpẹtẹ ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ọ̀hún. Àwọn tó ń dáko níbẹ̀ á máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, iwájú rẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń parí ọ̀pọ̀ aáwọ̀ tó bá jẹ mọ́ ilẹ̀. Kò tó ààfin, kì í sì í ṣe odi ogun. Àwọn kan máa ń rí yàrà olómi tó yí ilé náà ká, wọ́n á ní ogun ni wọ́n fi ń dènà. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí ná. Inú àfonífojì ni, òkè àti igbó ló wà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀tá tó bá dúró lókè lè máa wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Yàrà yẹn lè ká olè lọ́wọ́ kò, àmọ́ lójú tèmi, iṣẹ́ tó ń ṣe jù ni pé kó jẹ́ kí àlejò mọ̀ láti òkèèrè pé ẹni tó rí já jẹ ló ń gbé ibẹ̀. Afárá mẹ́ta ni wọ́n ṣe sórí rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lára ògiri kí aṣọ́nà lè yọjú wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kó tó ṣí i. Ẹni tó ń retí ọmọ ogun kò ní gbára lé ihò ìyọjú. Oníbàárà àti àlejò tí a ò pè ló wà fún.

Ẹ jẹ́ ká wọ gbọ̀ngàn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó máa kọ́kọ́ gba ojú yín ni pákó dúdú tí wọ́n tò mọ́ ògiri. Ó ń dán, ó sì wúwo lójú, àfi bí ẹni pé àwọn ọmọ ogun ayé àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì í rí. Iṣẹ́ Richard Norman Shaw ni, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán ilé tó lókìkí jù nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria. Nígbà tí wọ́n ń tò ó mọ́ ògiri lọ́dún 1872, ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Kent lójoojúmọ́. Àwọn olówó ìgbà náà fẹ́ràn ohun àtijọ́ débi pé ilé tó ti pẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣì ń bá a fi kún pípẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbójú sókè. Òrùlé tó wà lórí pákó yẹn fi ohun tó lé ní 500 ọdún jù ú lọ. Ìtì igi óákù ni, kò dán, kò ṣe fáàrí. Àlejò tó bá ń wá ayé àtijọ́ á ti ya fọ́tò pákó Shaw tán, á ti jáde, láìwo òkè rárá.

Báwo la ṣe mọ̀ pé òrùlé náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó kọ ọdún sí i lára. Inú igi fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kà á. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ẹ̀rọ tó ń luhò yọ ọ̀pá tín-ín-rín kan lára ìtì igi, wọ́n á wá ka àwọn òrùka inú rẹ̀. Igi óákù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, òrùka á fẹ̀. Ọdún tí ọ̀dá bá dá, á tín-ín-rín. Tí wọ́n bá to fífẹ̀ àti títín-ín-rín yìí tẹ̀ lé ara wọn fún ọgọ́rin ọdún tàbí ọgọ́rùn-ún, kò ní bá sáà mìíràn mu mọ́. Wọ́n á gbé e ti àkọsílẹ̀ òrùka igi tí wọ́n ti kó jọ fún agbègbè náà títí wọn á fi rí ibi tó ti ṣe rẹ́gí. Bí òrùka tó gbẹ̀yìn, èyí tó wà lábẹ́ èèpo, bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè sọ ọdún náà gan-an tí wọ́n gé igi ọ̀hún lulẹ̀.

Ẹ lè ní ọdún tí wọ́n gé igi yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n lò ó. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn kápẹ́ńtà ìgbà náà kì í dúró kí óákù gbẹ. Bó bá gbẹ tán, ó máa ń le koko débi pé àáké á máa ta padà lára rẹ̀. Tútù ni wọ́n ń lò ó, nítorí náà àárín gígé àti kíkàn kò jìnnà síra. Ibi tí ẹ̀tàn wà ni pé òpó ilé tí wọ́n wó máa ń di òpó ilé mìíràn, torí igi tó dára kò ṣeé jù nù. Fún ìdí yìí, wọn kì í gba ẹ̀rí ìtì igi kan ṣoṣo. Wọ́n á mú púpọ̀ wò, wọ́n á sì máa ṣọ́ àwọn ihò tí kò sí ohun tó wọ inú rẹ̀. Bí ìtì igi kan bá ní ojú ìsopọ̀ tí kò so mọ́ ohunkóhun, ó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí nìyẹn.

Nígbà tí òrùlé yẹn ṣì tuntun, irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ kì í ní ojú ihò èéfín lára ògiri. Àárín ilẹ̀ ni wọ́n ń dáná sí, èéfín á gòkè, á wá ibi tó máa gbà jáde lórí òrùlé. Ìdí pàtàkì tí gbọ̀ngàn fi ga tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí àjà bá wà nísàlẹ̀, èéfín á lé gbogbo ará ilé síta. Onílé, ìyàwó rẹ̀, àlejò, ìránṣẹ́, gbogbo wọn ló ń jẹun níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ sì ń sùn síbẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹrìndínlógún ni ihò èéfín tí wọ́n fi òkúta tàbí bíríkì mọ sára ògiri wá gbalẹ̀ láàárín irú àwọn onílé yìí. Ẹ má fojú kékeré wo àyípadà yìí, torí òun ló tú ilé ká. Nígbà tí iná ti lè wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ni onílé tún ń wá láàárín èrò? Ó kó lọ sí yàrá tirẹ̀ lókè. Gbọ̀ngàn di ibi tí wọ́n ti ń gbàlejò àti ibi tí wọ́n ń gbà kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé mìíràn, wọ́n fi pákó dá gíga rẹ̀ sí méjì kí wọ́n lè rí yàrá sí i lókè. Wọn ò ṣe ti Ightham Mote bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí a ṣì lè dúró nísàlẹ̀ kí a máa wo òrùlé.

Ilé náà kò sì dúró lórí gbọ̀ngàn nìkan. Ó ní yàrá tó lé ní 70 báyìí, wọ́n yí àgbàlá kan ká lọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń wáyé: ọmọ fẹ́yàwó, wọ́n fa yàrá méjì sí i, owó wọlé, wọ́n wó apá kan, wọ́n fi ohun tó dára jù mọ ọ́n, títí ọwọ́ ilé á fi kan ara wọn. Ní Ightham Mote, Sir Thomas Cawne gbé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ogun sórí ibojì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdílé Haut wá ni ín. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ilé gogoro ẹnu ọ̀nà dìde. Apá ibi tó jẹ́ pé igi ni wọ́n fi ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n fi òkúta ilẹ̀ Kent tún un mọ, bíríkì pupa sì tẹ̀ lé e nígbà tó yá. Nítorí náà, ohun tó pọ̀ jù tí ẹ ń rí níta kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ ilé. Èyí tó pẹ́ jù wà nínú, ó fara pamọ́.

Ibi tí a ti lè fojú rí èyí láìsí ẹ̀rọ ni oríta ògiri. Bíríkìlà tó bá ń mọ ògiri méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á fi òkúta ti ọ̀kan wọ inú èkejì, bí ẹni fi ìka há ara wọn. Bó bá jẹ́ pé ìlà kan ló là wọ́n láàárín tààrà láti òkè délẹ̀, ọ̀kan ti wà níbẹ̀ kí èkejì tó wá fara tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ wá wo èyí tó ní igun tí wọ́n gbẹ́ dáadáa: òun ni ẹ̀gbọ́n, torí pé nígbà kan rí, igun ìta ni ibẹ̀ jẹ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju òrùka igi lọ. Kò ná ni ní kọ́bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lára ilé àtijọ́ èyíkéyìí.

Lọ́dún 1521, Richard Clement ra ilé náà. Òṣìṣẹ́ ààfin ni, ìdílé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun mọ ọba. Àjà pákó tó tẹ̀ bí ọrun, èyí tó wà ní ibi tí wọ́n ń pè ní ilé àdúrà tuntun, jẹ́ ti ìgbà tirẹ̀. Tuntun tí wọ́n sọ níbẹ̀, ẹ fojú inú wò ó, ó ti tó 500 ọdún báyìí. Torí pé ilé àdúrà kan ti wà ṣáájú rẹ̀ ni. Ọ̀dà ti ṣá lára pákó náà, àmọ́ bí ojú bá mọ́ ọn lára, àwọn àmì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òdòdó róòsì ti Tudor, ìdílé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, wà níbẹ̀. Èso pomegranate wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ilé olódi, àti ọfà. Ọba Henry Kẹjọ ló ni róòsì. Ìyàwó rẹ̀, Katherine ará Aragon, ọmọ ọba ilẹ̀ Sípéènì, ló ni pomegranate. Ilé olódi sì jẹ́ ti Castile, ilẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ọdún 1533 ni wọ́n kéde pé ìgbéyàwó Henry àti Katherine kò fìdí múlẹ̀. Káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó gbọ́n ń pa àmì Katherine rẹ́, wọ́n ń fi ti Anne Boleyn, ìyàwó tuntun tí ọba fẹ́, rọ́pò. Ti Ightham Mote kò yí padà. Bóyá ọ̀nà jìn sí ààfin, bóyá owó ọ̀dà ni, kò sẹ́ni tó lè sọ. Àǹfààní tí èyí ṣe fún wa ni pé ẹni tó bá mọ ìtàn ìgbéyàwó yẹn lè fi ojú lásán mọ sáà tí wọ́n kun àjà náà, torí lẹ́yìn 1533, kò sí òṣìṣẹ́ ààfin tó máa fowó ara rẹ̀ ya pomegranate sí àjà.

Ìdílé Selby dé lọ́dún 1591, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 300 ọdún, títí di 1889. Pálọ̀ ni ọwọ́ wọn ti hàn jù. Ẹ ó rí ojú ìdáná gàgàrà tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ara ògiri yàrá kan náà, bébà aláwòrán ẹyẹ àti òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ yà ní ilẹ̀ Ṣáínà ni. Ibòmíràn nínú yàrá náà, fèrèsé onípele mẹ́ta wà, tí ti àárín ga tí orí rẹ̀ sì tẹ̀ roboto; àṣà ilẹ̀ Ítálì ni, tó gbòde láàárín àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Bí ẹ bá wò ó láti ìta, ẹ ó rí i pé kò bá ògiri tó yí i ká mu rárá. Wọ́n kàn dá ògiri àtijọ́ lu ni, wọ́n sì ki oge tuntun bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé mú mi rántí àṣìgbọ́ kan tó gbilẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ti rí fèrèsé tí wọ́n fi bíríkì dí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíá ni wọ́n á ní owó orí fèrèsé ló fà á. Owó orí náà wà lóòótọ́, láti 1696 di 1851, iye fèrèsé ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n ohun tí onílé máa san. Àmọ́ fèrèsé míràn, àtẹ̀gùn tuntun tàbí ihò èéfín ló gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Òmíràn kò tiẹ̀ fìgbà kan rí ṣí: ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n fẹ́ kí iwájú ilé ṣe déédéé lọ́tùn-ún lósì, ibi tí fèrèsé ò bá ti lè wà, wọ́n á ya àwòkọ rẹ̀ sára ògiri. Kí a tó pe owó orí lẹ́jọ́, ó yẹ ká wo ẹ̀yìn ògiri ná.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ló dé tí àwọn Selby ò wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n wó ilé bàbá wọn, wọ́n kọ́ ààfin funfun olópòó. Lójú tèmi, àìlówó rẹpẹtẹ ló kó ilé yìí yọ. Wọ́n lówó tó láti pààrọ̀ fèrèsé, wọn ò ní tó láti kọ́ òmíràn. Haddon Hall ní Derbyshire náà là lọ́nà tirẹ̀: àwọn tó ni ín ti di ìdílé Dúùkù, wọ́n ní ilé tó tóbi jù ú lọ níbòmíràn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí 200 ọdún láìfọwọ́ kàn án. Ilé tí olówó bá fẹ́ràn jù ló ń yára pa á.

Sir Thomas Colyer-Fergusson tó gba ilé náà lẹ́yìn àwọn Selby ṣe àtúnṣe púpọ̀ láti 1890. Ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ajá tí mo mẹ́nu bà lókè, fún ajá ńlá kan tí ń jẹ́ Dido. Ìjọba ti fi ilé ajá yìí sí ipò àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò, ipò kan náà pẹ̀lú àwọn kàtídírà. Lẹ́yìn ikú Sir Thomas ní 1951, wọ́n lu ẹrù inú ilé ní gbàǹjo, ilé fúnra rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ lọ. Ará Amẹ́ríkà kan, Charles Henry Robinson, tó ti gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀ rí nígbà ọ̀dọ́, ló rà á ní 1953. Nígbà tó kú ní 1985, ó fi í sílẹ̀ fún National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́.

Láti 1989 sí 2004 ni ẹgbẹ́ náà fi tún un ṣe, ó sì ná wọn ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn. Kòkòrò ajẹgi ti jẹ inú ìtì igi dé ibi tí kò ṣeé fojú rí. Wọ́n tú ilé náà ní apá kan lẹ́yìn apá kan, wọ́n kọ bí wọ́n ṣe kàn án sílẹ̀, wọ́n sì tò ó padà. Ibi tí a ti rí púpọ̀ nínú ohun tí mo ń sọ yìí nìyẹn, torí kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ mọ ẹ̀yìn pákó láìṣí pákó.

Àwọn kan á ní, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti tú u, kí ló dé tí wọn ò dá a padà sí bó ṣe rí ní 1330? Irú èrò yìí ló gbòde ní ayé Victoria. Wọ́n ń ya ohun tí ọ̀rúndún míràn fi kún ṣọ́ọ̀ṣì dànù, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rọ́pò, títí William Morris, oníṣẹ́ ọnà àti òǹkọ̀wé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1877 láti ta ko ìwà náà. Ẹ rò ó wò: kí ilé yìí tó lè padà sí 1330, àjà Clement gbọ́dọ̀ lọ, bébà Ṣáínà gbọ́dọ̀ lọ, fèrèsé onípele mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ, Dido náà á di aláìnílé. Ohun tó máa kù ni òrùlé, àti ògiri díẹ̀, àti ọ̀pọ̀ nǹkan tuntun tí ẹnì kan fọkàn rò. Pákó Shaw tó tan ojú wa lẹ́ẹ̀kan, mo gbà kó dúró síbẹ̀. Òun náà ti lé ní 150 ọdún.

Ẹni tó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tí Kent jìn sí lè bẹ̀rẹ̀ láti Sutton House ní Hackney, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí. Ralph Sadleir, òṣìṣẹ́ ààfin Henry Kẹjọ, ló kọ́ ọ ní 1535, National Trust ló sì ni ín. Láti títì, fèrèsé ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ẹ máa rí lára rẹ̀, ẹ sì lè gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé ilé Tudor ni. Bíríkì ni kí ẹ wò.